ÌLÀJÀ LẸ́YÌN OGUN KÍRÌJÌ: Ìrètí Àwọn Tí Ó Ti Oko Ẹrú Bọ̀ sí Adó àti Ilẹ̀ Èkìtì



Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ fi lé mi lọ́wọ́ láti sọ ni ìrètí nínú ìyà. Ọ̀rọ̀ tí oníwàásù lè fi ohùn dídùn sọ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ ni. Nítorí náà mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà ìtàn tọ̀ ọ́ lọ, kí n sì mú ìtàn náà láti inú ilé wa. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ àwọn Òyìnbó tí ó kọ́ ilé-ìwé wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá bi wá léèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ gbé orúkọ Jésù wọ ilẹ̀ Èkìtì, àwa àgbà a máa wo ojú ara wa. Kì í ṣe Òyìnbó ni. Kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Àwọn tí a ti tà ni. Àwọn tí ogun kó, tí a fi okùn dè, tí a sì pààrọ̀ fún ẹ̀tù àti iyọ̀, ni ó padà wá sí ìlú tí a ti gbàgbé wọn, tí wọ́n sì gbé ìwé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ọ̀ràn ogun náà ti rí. Láti ìgbà tí àwọn Ìbàdàn ti lé ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840 ni agbára wọn ti ń gbilẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn, títí ìlú Èkìtì fi ń bọ́ sí abẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú náà. Ajẹ́lẹ̀ ní ìránṣẹ́, ìránṣẹ́ ní ọmọ-ẹ̀yìn, ara onílé ni gbogbo wọn sì ti ń jẹ. Ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ogun. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tí ó bá wọn dá májẹ̀mú para pọ̀, orúkọ wọn di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Àwọn Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, àwọn Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, àfonífojì sì wà láàárín wọn. Ìró ìbọn tí ń dún láàárín àwọn òkè wọ̀nyí ni ó fún ogun náà ní orúkọ tí a fi ń pè é, Kírìjì. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi kojú ara wọn, àgọ́ sì di ìlú: wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n dá oko, wọ́n bí ọmọ.

Bí àwọn akọrin bá ń sọ ìtàn ogun yìí, orúkọ akọni ni a máa ń gbọ́. Àwọn ìyá wa kì í kà á bẹ́ẹ̀. Iye ọmọ tí ó lọ sí odò tí kò padà ni wọ́n fi ń kà á. Ìbọn kò ṣeé rà láìsí owó, ẹ̀tù kò ṣeé rà láìsí owó, ènìyàn ni ó sì yá jù láti sọ di owó. Bí ogun ti ń pẹ́ sí i ni kíkó ènìyàn ń pọ̀ sí i, kì í ṣe ní ojú ogun nìkan, bí kò ṣe ní ọ̀nà oko, ní etí odò, àti ní àárín ẹbí tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn.

Ní 1886 ni Gómìnà Moloney ti Èkó rán àlùfáà méjì, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, láti lọ bá àwọn ọba àti àwọn olórí ogun sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Samuel Johnson ni ọ̀kan, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Charles Phillips ni èkejì, ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa ní Oǹdó láti 1877. Wọ́n rin ìrìn náà lọ, wọ́n rìn ín bọ̀, láti àgọ́ dé Èkó àti láti Èkó dé àgọ́, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Àdéhùn náà sọ pé Èkìtìparapọ̀ yóò wà ní òmìnira, pé Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lọ́wọ́ Ìbàdàn, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ gbé níbẹ̀ lè jáde. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni a kéde àlàáfíà ní ojú ogun. Síbẹ̀ àgọ́ kò tú. Ó di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter gòkè wá láti Èkó, kí àwọn jagunjagun tó di ẹrù wọn, kí wọ́n sì padà sílé.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ bá mi wo ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa. Ẹni tí ó làjà, ìjà ni ó là. Ó ya oníjà méjì sí ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń la igi. Lẹ́yìn tí a bá ti là wọ́n tán, olúkúlùkù lè wọ ilé rẹ̀ lọ, kí ó sì máa yọjú wo ọ̀tá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri títí ọjọ́ ikú. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí a ń pè ní rírẹ́. Àwọn tí ó bá ara wọn rẹ́ a máa jẹun nínú àwo kan. Ìwé 1886 la ìjà, a sì dúpẹ́ fún un, nítorí ẹni tí a kò bá kọ́kọ́ là kò lè rẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí gómìnà tí ó lè kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ìyá tí a ta ọmọ rẹ̀ àti ẹni tí ó tà á máa kí ara wọn ní àárọ̀.

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì wa lo ìlàjà níbi tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ti ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nígbà kejì, ní orí karùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka orí náà dé òpin yóò rí i pé ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ ju pé a ya oníjà kúrò lára oníjà lọ. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dìde, tí ó tọ ẹni tí ó ṣẹ̀ lọ, tí ó sì san ohun tí ìrẹ́pọ̀ náà gbà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá rán àwọn tí a ti mú bá òun rẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Mo máa ń rò ó pé kì í ṣe èèṣì ni ó jẹ́ pé Charles Phillips yìí kan náà, tí ó ru ìwé àwọn ọba láti àgọ́ dé àgọ́, ni a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1893, ní ọdún kan náà tí àgọ́ tú. Oǹdó ni ó jókòó sí, ó sì ń bojú tó iṣẹ́ Ìjọ ní ilẹ̀ Èkìtì títí ó fi sùn nínú Olúwa ní 1906. Ìlàjà ti ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rù wá. Nígbà tí ó tún padà wá, ó rí i pé àwọn kan ti ṣíwájú òun pẹ̀lú èkejì.

Àwọn wo ni? Bí ọ̀nà ti ṣí lẹ́yìn 1893, àwọn ọmọ Èkìtì tí a ti kó lọ sí Ìbàdàn, sí Abẹ́òkúta, sí Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà, ọ̀pọ̀ ni ilẹ̀ àjèjì gbé mì. Nínú àwọn tí ó padà, àwọn kan ti gbọ́ ìhìnrere níbi tí a tà wọ́n sí. Ní Adó níhìn-ín, Isaac Babamúbọ̀ní, tí òun náà ti rí oko ẹrú, ni ìtàn Ìjọ fi ṣe aṣáájú àwọn onígbàgbọ́. Láti inú ìpàdé kékeré tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Ìjọ Emmanuel ti dìde, èyí tí ó wà ní Òkèṣà títí di òní. Bíbélì Yorùbá tí a parí títẹ̀ rẹ̀ ní 1884 ṣì dà bí ohun titun lọ́wọ́ wọn. Wọn kò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan lẹ́yìn. Wọ́n mọ ìwé kà díẹ̀, wọ́n mọ orin díẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí ojú wọn ti rí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó ti oko ẹrú bọ̀ sí Èkó ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀, ilé Philip José Meffre, ẹni tí ó ti Brazil padà, ni wọ́n sì ti ń pàdé. Ẹgbẹ́ yìí ni ó rán ìbọn olóyìnbó tí ó dára jù sí àgọ́ Èkìtìparapọ̀, tí ọwọ́ àwọn Ìbàdàn fi wá sílẹ̀. Kristẹni sì ni púpọ̀ nínú wọn. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a dá sílẹ̀ ní oko ẹrú ni ìbọn ti wá. Láti ọ̀dọ̀ wọn náà ni Bíbélì ti wá. Èmi kò dá wọn lẹ́bi nítorí ìbọn. Ẹni tí a ti fi okùn dè rí mọ ohun tí ó ń sá fún. Mo kàn fẹ́ kí a mọ̀ pé ọwọ́ tí ó gbé ìhìnrere wá kì í ṣe ọwọ́ tí kò mọ ìbínú.

Kí ni ó wà nínú ìhìnrere yìí tí ẹrú fi lè gbé e padà sí ilé tí a ti tà á? Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnìkan wá tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ni a kó ní Òṣoògùn ní 1821. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, ó sọ bí a ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, àti bí ẹ̀rù pé a ó tà á fún àwọn Potogí ti mú kí ó gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn ní òru. Ọmọdé ni. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù kẹrin 1822, a ṣe ìrìbọmi fún un ní Sàró ní 1825, ó di àlùfáà, ó sì padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ó fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. A gbọ́ pé wọ́n kàn di ara wọn mú ni, tí ẹnu wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Ní 1848 ni ìyá náà gba ìrìbọmi, a sì pe orúkọ rẹ̀ ní Hannah.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà Crowther ni pé kò pe ibi ní rere. Ó pe ọjọ́ tí a kó o ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ibi tí ọ̀nà ọjọ́ náà gbé e dé. Ó fi méjèèjì sí ojú kan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníwàásù, àní lórí àga ìwàásù wa, pé Ọlọ́run ni ó rán ogun kí ìhìnrere lè rí ọ̀nà wọlé. Ẹ dárí jì mí, n kò lè bá wọn ṣe Àmín sí i. Jósẹ́fù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀ ní ojúkojú pé ibi ni wọ́n rò sí òun, kí ó tó sọ ohun tí Ọlọ́run fi ibi náà ṣe. Ọmọbìnrin tí àwọn ará Síríà kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí ó ń sìn ní ilé Náámánì, fi ọ̀nà ìwòsàn han ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kò sọ níbì kankan pé ó dára tí a kó o. Ìrètí tí àwọn tí ó padà wá mú wọ Èkìtì kì í ṣe pé ìyà dára. Ìrètí náà ni pé ìyà kò lè yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ Ẹni tí ó ti fi ara rẹ̀ bá wọn rẹ́, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti di ẹni tí a tà fún fàdákà.

Mo wá dé ibi tí ó ṣòro. Ó rọrùn fún wa ní Adó láti máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àwa ni a jìyà, àwọn ará Ìbàdàn àti Ìlọrin ni ó fi ìyà jẹ wá. Ṣùgbọ́n Adó náà ní jagunjagun. Adúlójú kì í ṣe ẹni kékeré, oríkì rẹ̀ dùn, èmi náà a sì máa fetí sí i. Nígbà tí Kírìjì ń lọ lọ́wọ́, òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jáde sí àwọn ìlú àdúgbò àti sí ìhà Àkókó, wọn kò sì padà ní ọwọ́ òfo. Àwọn tí wọ́n kó ní ìyá. A kò lè kọ orin fún akọni kí a sì pa ẹnu mọ́ nípa àwọn tí ó so mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin rẹ̀.

Ìjọ pàápàá kò mọ́ lọ́wọ́. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àwọn ọmọ Ìjọ wà tí wọ́n ní ẹrú, àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọ sì wà lára wọn. Nígbà tí a fi James Johnson ṣe alábòójútó iṣẹ́ C.M.S. níbẹ̀ ní 1877, ó ta kò wọ́n gidigidi pé kò yẹ kí ẹni tí ń wàásù òmìnira máa jẹun láti ọwọ́ ẹrú. Wọ́n bínú sí i nítorí èyí àti nítorí ọ̀ràn mìíràn, àtakò náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi mú un kúrò níbẹ̀ ní 1880. Nítorí náà, àwọn kan nínú àwọn baba ìgbàgbọ́ wa kọ́ àdúrà Olúwa lẹ́nu ẹni tí ó ra ènìyàn. Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ìlàjà, kí a má ṣe jókòó sí ìhà kan ṣoṣo ilé ẹjọ́.

Ní báyìí ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa. Ìyá tí ó bí ìyá baba mi, Yèyé ni gbogbo ilé ń pè é. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọkùnrin méjì gbé e ní ọ̀nà odò ní Adó yìí, ó sì mọ ọ̀kan nínú wọn, nítorí àdúgbò wọn kò jìnnà sí ara wọn. A tà á dé Ìbàdàn, a tún un tà dé Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni ìdílé onígbàgbọ́ kan ti rà á padà, wọ́n sì kọ́ ọ ní ìwé. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ó bá àwọn ẹlẹ́rù rìn padà wálé. Ìyá rẹ̀ ti kú, baba rẹ̀ ti kú. Ọkùnrin tí ó gbé e ṣì wà láàyè.

Ìyá baba mi, tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi kí òun náà tó lọ, sọ pé ọdún púpọ̀ ni Yèyé fi ń yí ọ̀nà oko po, kí ó má baà gba iwájú ilé ọkùnrin náà kọjá. Ó ń lọ sí Ìsìn, ó ń kọrin, ó gba ìrìbọmi, Bíṣọ́ọ̀bù sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ Ìjọ wa mọ ohun tí ó wà nínú Ìwé Àdúrà, níbi tí a ti ń pe àwọn ènìyàn wá sí Tábìlì Olúwa. Ó wà níbẹ̀ pé kí ẹni tí ó ní ìkùnsínú sí aládùúgbò rẹ̀ lọ bá a rẹ́ ná, a sì pàṣẹ fún àlùfáà pé kí ó má ṣe gba àwọn tí ó bá rí ìkórìíra láàárín wọn sí oúnjẹ náà títí wọn yóò fi rẹ́. A kà á sí wọn létí ní Yorùbá. Yèyé gbọ́ ọ, ó dìde, ó sì jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tí ó yàtọ̀ síra wọn. Katikíìsì bẹ̀ ẹ́ pé ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀, pé òun ni a ṣẹ̀, kì í ṣe òun ni ó ṣẹ̀. Ó dá a lóhùn pé Ọlọ́run náà ni a ṣẹ̀.

Èmi ti ka ìwé ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run fún ọdún púpọ̀, n kò sì tíì rí ibi tí a ti fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan ó gba iwájú ilé náà. Ọkùnrin náà ti darúgbó, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Yèyé kí i, ó kúnlẹ̀ fún un bí ọmọ ti ń kúnlẹ̀ fún àgbà, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ baba rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun kò rántí. Yèyé ní òun rántí, òun sì wá kí ó lè mọ̀ pé òun rántí. Ó ní òun kò wá gba owó, òun kò sì wá ṣẹ́ ẹ ní èpè. Kí ó fún òun ní omi mu. Ọkùnrin náà jókòó pẹ́ kí ó tó ké sí ọmọ rẹ̀ láti bu omi wá nínú igbá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé e fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí omi náà fi dà sílẹ̀. Yèyé mu ìyókù. Kò sí ohun mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà kò jẹ́wọ́ títí ó fi kú, kò sì wọ ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ní Ìdàpọ̀ Mímọ́ tí ó tẹ̀lé e, Yèyé kò dìde jáde.

Nígbà tí ìyá baba mi dàgbà, ó bi í bóyá ọ̀ràn náà ti tán nínú rẹ̀. Ó ní, “Ó tán lọ́wọ́ mi. Kò tán lára mi.” Ó sì fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ hàn án, níbi tí okùn ti jẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní àpá kì í jọ ara. Ẹ rántí Jákọ́bù pẹ̀lú. Kí ó tó pàdé Ísọ̀, ó ti kọ́kọ́ bá Ọlọ́run jìjàkadì ní Péníẹ́lì di òwúrọ̀, títiro ni ó sì ń tiro nígbà tí ó ń lọ dì mọ́ arákùnrin rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ní ilẹ̀ wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìjọ ń pọ̀ sí i. Àlùfáà Henry Dallimore dé ní 1913. Ní 1933 ó dá ilé-ìwé tí a ń pè ní Christ's School lónìí sílẹ̀, èyí tí ó wà lórí òkè Àgídímọ̀. Ní 1966 a ya Èkìtì sọ́tọ̀ bí àgbègbè Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, Ìjọ Emmanuel sì di Kàtídírà. Ìwọ̀nyí wà nínú ìwé, n kò sì ní dúró lórí wọn. Kí a kàn rántí pé àwọn ọmọ ẹni tí ó tà àti àwọn ọmọ ẹni tí a tà jókòó lórí àga kan náà ní àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo ń sọ, kí ó rántí ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà ni a pa ọba méjì ní ojú ọ̀nà ní ilẹ̀ Èkìtì yìí. Ní ọjọ́ náà gan-an ni a jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn gbé ní ìhà Emùré, tí wọn kò sì rí ìtúsílẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e. Gbogbo Èkìtì ni oorun dá lójú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń ka ogun tún padà sí ẹnu àwọn ìyá: ọmọ tí ó jáde tí kò wọlé.

Ìyá kan nínú ìjọ mi tọ̀ mí wá ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní òun ti gbọ́ mi tí mò ń wàásù ìlàjà, ṣé mo fẹ́ kí àwọn bá ajínigbé rẹ́ ni? Mo sọ fún un pé Ọlọ́run kò gba idà lọ́wọ́ ìjọba, àti pé ẹni tí ó jí ọmọ gbé níláti rí adájọ́. Mo ní Yèyé mi pàápàá kọ́kọ́ sọ pé òun rántí kí ó tó béèrè omi. Kò dá mi lóhùn. N kò sì rò pé mo dá a lóhùn tán.

Ní ọjọ́ Ẹtì a péjọ láti ka Lítánì, ìyá náà sì wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Lítánì mọ̀ pé a máa ń bẹ Olúwa fún gbogbo àwọn tí ó wà nínú ìdè àti ìgbèkùn kí a tó dé ibi tí a ti ń bẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọ̀tá wa, pé kí ó dárí jì wọ́n kí ó sì yí ọkàn wọn padà. Nígbà tí a dé ibi ìgbèkùn, igbe ìjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Nígbà tí a dé ibi àwọn ọ̀tá, ohùn náà rẹlẹ̀ lọ títí mo fi ń gbọ́ ohùn ara mi. Mo gbé ojú sókè. Ẹnu ìyá náà ń mì.